Iyọ̀ Colchani

Olùkọ́ Hilaria gbé òkúta iyọ̀ sórí tábìlì.
"Bàbá mi ló gé e," Nayra wí.

Sódíọ̀mù, ẹ́límẹ́ǹtì tó rómi tó gbiná;
kílórínì, ẹ́límẹ́ǹtì tí èémí rẹ̀ ń pani:
wọ́n gbára wọn mú, wọ́n dèrò ìkòkò ọbẹ̀.
Kọ́ḿpáùndì nìyẹn.

"Ọ́síjìn tí mò ń mí ńkọ́?"
Ìbejì tó dìmọ́ra. Mólékù ni,
kì í ṣe kọ́ḿpáùndì: kò sí àlejò láàárín wọn.
"Omi?"
Àlejò wà níbẹ̀. Ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Nayra lá ìka rẹ̀.
"Iyọ̀ wá ńkọ́, mólékù ni?"
Hilaria wo ìta: pápá funfun tẹ́ lọ salalu.
"Rárá. Nínú iyọ̀
kò sẹ́ni tó ní ẹnìkejì kan ṣoṣo.
Aládùúgbò ni gbogbo wọn."

Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ ń fun fèrè.