Gbé Ìwọ̀ Rẹ

Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù,
Thirza Garbutt á fi ìdí ife gbá orí káńtà lẹ́ẹ̀mẹta.
Kì í kí wọn pé ó dàárọ̀. Kì í dúpẹ́ owó.
"Ẹ gbé ìwọ̀ yín, kí ẹ máa lọ!"
Àwọn ọkùnrin èbúté Hull á dìde,
ìfófòó bíà ṣì wà ní irun ètè wọn,
wọn á máa táràrà wá fìlà lábẹ́ àga.

Èmi ni mò ń fọ ife lẹ́yìn rẹ̀,
ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Omi ọṣẹ ti bó mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n etí mi yó.
Ajigbèsè wọlé: "Gun kẹ̀kẹ́ rẹ!"
Bẹ́ẹ̀ ni kò ní kẹ̀kẹ́.
Agbowó-orí wọlé: "Lọ se orí rẹ nínú ìkòkò!"
Ẹni tó bá yọ ẹ̀ṣẹ́ sí ẹnì kejì,
ó ní afárá tó wọ inú òkun yẹn kúrú,
kó lọ rin ìrìn gígùn lórí rẹ̀.

Àmọ́ ti ìwọ̀ ni baba gbogbo wọn.
Amos Tranmer ní ìwọ̀ kan, èèkù igi, ẹnu irin,
ó kọ́ bí èékánná àṣá.
Òun ló fi ń fa àpò àlìkámà jáde nínú ọkọ̀.
Ó ní láàárọ̀, ẹni tí ọ̀gá ò bá pè síṣẹ́
á gbé ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ èjìká, á yíjú sílé:
ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.
Pexton arúgbó atukọ̀ ní irọ́ ni,
ìdákọ̀ró ni wọ́n ń wí.
Wọ́n jà á títí, Thirza fi ọ̀rọ̀ kan náà
lé àwọn méjèèjì síta.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àpótí irin dé, gàgàrà bí ilé,
ẹ̀rọ kan ń gbé ohun tí ogún ọkùnrin ń fà.
Wọ́n kọ lẹ́tà sí Amos.
*Ọ̀gbẹ́ni Tranmer wa ọ̀wọ́n, ó dùn wá púpọ̀.*
Ìwé funfun, ó mọ́ nigín-nigín,
kò sí èébú kankan nínú rẹ̀.
Thirza ló bá a kà á, nítorí ojú rẹ̀.
"Ìwọ̀ mi ni wọ́n ní kí n gbé," Amos wí.
"Ẹnu wọn ò tilẹ̀ gbà á láti sọ."
Ó fi í kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ìwọ kan ṣoṣo ló kù, kò sí ìwọ̀ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ife gbá káńtà lẹ́ẹ̀mẹta,
Thirza la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.
"Ẹ ṣì jókòó ná," ó wí,
gbogbo ilé ọtí sì dákẹ́ bí ilé òkú.
Amos nìkan ló dìde.
"Sọ ọ́, Thirza."
Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ.
Amos rẹ́rìn-ín, ó jáde sínú òjò,
ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì kí a tó ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀la wà nínú èébú yẹn.
Mo wá a nínú lẹ́tà, n ò rí i.

Ní Withernsea, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà,
ó pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Kò mọ orúkọ mi. Kò mọ Amos.
Ó ń wo ẹyẹ òkun tó ń jí búrẹ́dì lórí fèrèsé.
Nọ́ọ̀sì fi ohùn òwú sọ pé àkókò ti tó.
Mo wọ kóòtù, mo dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ."

Mo yíjú. Ojú rẹ̀ mú bí ti àtijọ́,
ọwọ́ rẹ̀ di ife tíì òfìfo mú,
ó gbá a mọ́ apá àga lẹ́ẹ̀mẹta.
"Gbé ìwọ̀ rẹ."

Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún padà.