Yàrá Kẹrìnlá

Oúnjẹ ni mo bá lọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́.
Curtis Oberg ló sọ fún mi pé ní yàrá kẹrìnlá
wọ́n ń dín kéèkì pẹlẹbẹ lọ́jọ́ Jímọ̀,
ẹni tó bá sì dín in ni yóò jẹ ẹ́.
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, ikùn mi kò nísàlẹ̀.
Mo fi ìṣirò gíga sílẹ̀, mo so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí.

Ní Montana, níbi tí yìnyín ti ń bo fèrèsé títí di oṣù kẹrin,
tí ọkọ̀ ojú irin tó kó àlìkámà ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́,
tí abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa gbọ̀n rìrì,
Ìyáàfin Voss dúró láàárín sítóòfù mẹ́fà
(ọ̀kan kò ṣiṣẹ́, a sọ ọ́ di tábìlì),
ó ní, "Ẹ fọwọ́."
A fọwọ́.
Ó ní, "Ẹ tún un fọ̀."

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ di abẹ́rẹ́ mú.
Òwú kọ̀, ó lóun ò wọlé.
Mo fi itọ́ tù ú, mo fi èpè lé e.
Ìyáàfin Voss ní èpè kì í la ojú abẹ́rẹ́.
Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ogójì ìṣẹ́jú,
ẹ̀jẹ̀ lórí àtàǹpàkò;
nígbà tí mo sì parí, mo ti rán ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò tí mo wọ̀.
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àfi Marlys Teague
tó na sísọ́ọ̀sì sí mi láìwojú mi.

Ní oṣù kejì, ẹ̀kọ́ kan owó.
Ìyáàfin Voss pín ìwé: ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin,
iye báyìí ló ń wọlé lóṣù, ẹ ná an bó ṣe yẹ.
Èmi ra mọ́tò. Mo ra ajá. Mo kó wọn lọ sétí òkun.
Ilé tí mo kọ́ sórí ìwé, ẹnikẹ́ni kò jẹun níbẹ̀.

Marlys fi pẹ́ńsùlù tó ti kúrú bí ọmọńdinrín ìka
kọ tirẹ̀ wínníwínní:
ẹ̀wà gbígbẹ, kì í ṣe ti inú agolo,
ẹyin mẹ́fà, kì í ṣe méjìlá,
búrẹ́dì àná, ó fi ogójì sẹ́ǹtì dín,
ọṣẹ kan fún abọ́, fún aṣọ, fún orí.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni:
owó tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó dá iná wa padà.

Bírò pupa wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Voss.
Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, abọ́ ń gbọ̀n.
Ó ka ìwé náà. Ó tún un kà. Ó dé bírò.
Ó fa àga, ó jókòó ti Marlys bí akẹ́kọ̀ọ́,
ó ní, "Ẹ̀wà gbígbẹ yìí, báwo lo ṣe ń rẹ ẹ́?"
Marlys ní, "Bí iná bá wà, omi gbígbóná, òru kan.
Bí kò bá sí, òru méjì."

N kò rántí máàkì tó gbà.
Mo rántí pé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn kéèkì ṣẹ́kù jù.
Ìyáàfin Voss, tó máa ń wọn ìyẹ̀fun bí ẹni ń wọn wúrà,
ló ṣi ìwọ̀n. Ó ní ojú ń dun òun.
Ó wé ìyókù sínú bébà, kò pe orúkọ kankan,
ó gbé e sórí sítóòfù tí kò ṣiṣẹ́,
ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo yìnyín.
Nígbà tí aago fi lù, orí sítóòfù ti ṣófo.

Ó lé lógún ọdún.
Lálẹ́ òní mo da ẹ̀wà sínú omi,
mo nawọ́ sí iná ilé ìdáná kí n lè lọ sùn.
Mo pa á. Mo tún tàn án.
Mo tún pa á, mo tún tàn án,
kí n ṣáà mọ̀ pé ó ṣì ń gbọ́ tèmi.