Má Fi Sáìnì Pín In

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láwoyè kọ ọ́ sójú pátákó
ní kíláàsì kan lẹ́yìn Tákié, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
ní àsìkò mángòrò, tí ebi ọ̀sán kì í jẹ́ ká jókòó jẹ́ẹ́:
méjì lọ́nà sáìnì tẹ́tà lọ́nà sáìnì tẹ́tà,
ó dọ́gba pẹ̀lú sáìnì tẹ́tà.
"Láti òdo dé òjìdínnírinwó dígírì, ẹ bá mi wá tẹ́tà."

Mo yára. Mo rí sáìnì lọ́tùn-ún, mo rí i lósì,
mo fi í pín apá méjèèjì, ó pòórá ráúráú.
Ó ku ìdajì. Mo kọ ọgbọ̀n, mo kọ àádọ́jọ,
mo fa ìlà méjì sábẹ́ wọn,
mo ju bírò sílẹ̀, mo ń wo ojú ẹgbẹ́.

Ó wo ìwé mi títí.
"Adégòkè, o ní ọgbọ̀n, o ò ní ọgbọ́n.
Ẹni tó o lé jáde yẹn, ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe òdo?
Ṣé wọ́n máa ń fi òdo pín nǹkan nílé yín?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Mángòrò kan já lu páànù, gbì.

Ó nu gbogbo rẹ̀. Ó kó ti ọ̀tún wá sósì,
ó ku òdo nìkan lódìkejì,
bí àga tẹ́nìkan ò jókòó lé.
Ó fa sáìnì kan yọ síwájú àkámọ́, ó ti ìyókù sínú:
méjì lọ́nà sáìnì, ó dín ẹyọ kan.
"Bí méjì bá para pọ̀ tí wọ́n bí òdo,
ọ̀kan nínú wọn ni òdo.
Ẹ bi ẹni inú. Ẹ bi ẹni ìta."

Ẹni inú ní: ọgbọ̀n, àádọ́jọ.
Ẹni ìta, èyí tí mo ti lé, ní:
òdo fúnra rẹ̀, ọgọ́sàn-án, òjìdínnírinwó.
Ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ẹ́ sọ nù sọ́nà.

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, a jókòó
lórí oko kajú bàbá wa lọ́nà Ìkòyí.
Ẹ̀gbọ́n àgbà ní ká yọ Ṣubúọlá kúrò,
kí pínpín lè rọrùn.
"Kò kọ́lé, kò lọ́kọ. Òdo ni."
Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí.

Àfi bí mo ṣe tún gbọ́ mángòrò yẹn lórí páànù.

Mo ní ẹ dúró ná, ẹ má tíì pín in.
Mo bèèrè ta ló ní bírò.
N kò mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ,
mo kàn mọ̀ pé orúkọ rẹ̀
ni yóò ṣíwájú àkámọ́.