Àpò Kọ́bọ̀ Oníhò

Láràárọ̀ Sátidé mo máa ń sọ̀ dé Làfẹ́nwá,
nítòsí ibi tí rélùwéè ti ń gba orí odò kọjá,
níbi tí Múdà onírin ti ń fi òṣùwọ̀n ra ohun tí ayé ti lò tì.
Àpò ìrẹsì ló fi ń di kọ́bọ̀ àtijọ́ fún mi.
Kì í kà á. Ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn ìṣó.
"Bàbá Pósítà, kí lẹ̀ ń fi wọ́n ṣe gan-an?
Ṣé ẹ fẹ́ yọ́ wọn dá ìkòkò ni?"
Mo ní gba owó ẹ, ọmọ yìí.
Ọlọ́kadà dì í mọ́ ẹ̀yìn, ó di òkè Ìgbórè,
àpò ń ké ṣáwo-ṣáwo ní gbogbo kòtò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa lẹ́tà:
ti Ìlaròó síhìn-ín, ti Ìjẹ̀bú sọ́hùn-ún,
ti ẹni tí kò kọ àdírẹ́sì sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.
Wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Ọwọ́ ò gbọ́.
Ọwọ́ tó bá ti mọ ìṣà,
bí o bá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, irùngbọ̀n ni yóò máa fà.

Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo da àpò.
Òórùn ìpẹtà, òórùn abẹ́ ilẹ̀,
òórùn èkùrọ́ díẹ̀, bóyá ti yàrá ẹni tó kó wọn pamọ́ tó sì kú.
Omi ọṣẹ nínú abọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín,
awò ojú mi tí okùn ti di apá kan rẹ̀.
Àwọn tó funfun ni ti ayé àwọn bàbá wa;
àwọn tó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ni a ń ná nígbà tí mò ń lọ síléèwé.
Mò ń wá lẹ́tà wíntín-wíntín ní ìsàlẹ̀ ọdún:
H lọ́tọ̀, KN lọ́tọ̀,
èyí tí kò ní nǹkan kan, òun náà lọ́tọ̀.
Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ń wò mí láìṣẹ́jú.

Ìyá Ọláṣẹ̀nì fẹsẹ̀ fo orí ẹní kọjá:
"Owó tí ò lè ra ata rodo kan ṣoṣo."
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ọ̀kan sójú, mo gba ihò rẹ̀ wo ìta:
páànù Ìtòkò tó ti dógùn-ún,
ewúrẹ́ kan lórí àpáta, kò bìkítà.

Ìgbà tó di ọ̀sán ni mo kan èyí tó ní ìlà mẹ́ta létí,
ìlà fáìlì, tóóró, tóóró, tóóró.
Etí ọ̀tún mi gbóná.

Mórádéún, ìyá mi, kò jẹ́ kí kọ́bọ̀ èésú òun wọ kólòbó
láìjẹ́ pé ó fi fáìlì kọlà fún un,
nítorí àwa ọmọ, olè ilé.
Mo jí ọ̀kan. Mo fi ra gúgúrú àti ẹ̀pà ní Ìjẹ̀mọ̀.
Oòrùn ò tíì kanrí tó ti tọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà,
ó dé, etí ni ó fi fà mí wálé.
Ẹlẹ́pà ti fi kọ́bọ̀ náà fún ẹlòmíràn ní ṣéńjì.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi ń wá a káàkiri àdúgbò.
Ìgbà tó kú, kò tíì rí i.

Mo pe ìyàwó mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Ta ni ò ní fáìlì nílùú yìí nígbà yẹn?"
Òótọ́ ni. N kò jiyàn.
Mo da ìyókù sínú agolo wọn, ọdún sí ọdún.
Èyí kò ní agolo.

Ó wà lápò ṣòkòtò mi báyìí. Mo ń fi ìka wá ìlà rẹ̀.
Lójú ara mi, mo tún ti jí i.