Ó Ku Ibùdókọ̀ Kan sí Tákìé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD
ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Òkè-Àdó,
síbẹ̀ nígbà tí mo dé ìlú tí Oyèníhùn ọmọ mi ń gbé,
mo dúró níwájú pátákó, ẹnu mi wúwo.
Kọ́ńsónáǹtì mẹ́fà tò tẹ̀léra bí èrò báńkì,
fáwẹ̀lì kan ṣoṣo há sáàárín wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ àyè.
"Màmá, orúkọ ibùdókọ̀ nìyẹn."
Mo ní, ta ló sọ ọ́, tí kò fi àmì ohùn kankan sí i?

Abẹ́ ilẹ̀ lọkọ̀ wọn ń gbà.
Nílé wa, ẹni tó bá wọlẹ̀, a ti sunkún rẹ̀ tán;
níbẹ̀ mo wọlẹ̀ láàárọ̀, mo jáde lọ́sàn-án,
mo tún wọlẹ̀, mo tún jáde, búrẹ́dì gbígbóná lábíyá.
Àtẹ̀gùn ń gòkè fúnra rẹ̀.
Èmi dúró lásán lórí rẹ̀
bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ joyè tí kò bèèrè fún.

Oyèníhùn ń lọ síbi iṣẹ́. Ó fún mi ní káàdì pẹlẹbẹ kan,
ó ya ọ̀nà sórí bébà: ìlà pupa, ìlà aláwọ̀ ewé.
Ó ní, "Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ pè mí."
Mo ṣìnà. Mi ò pè é.
Ta ló mú un lọ́wọ́ mọ ọ̀nà ilé ìwé níjọ́sí?

Lọ́jọ́ kẹta ni mo mú bírò.
Ibi tí èèyàn ti ń ya sọ́tùn-ún, ya sósì,
tí ẹnì kan ò dúró gbọ́ tẹnì kejì,
mo kọ Tákìé sí i.
Ibi tí a ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, Apáké ni.
Ibi tí èéfín ẹran sísun ti ń ta síni nímú bí a ti yọrí,
Sábó ni, kò lè jẹ́ ibòmíràn.
Ìjẹ̀rù dákẹ́, igi kan dúró lẹ́nu ihò rẹ̀
(mo fẹ́ kó jẹ́ máńgòrò; kò so nǹkan kan).
Èyí tó kángun sílé ọmọ mi, ọjọ́ méjì gbáko
ni mi ò fi mọ ohun tí n ó pè é.
Mo wá kọ ọ́: Agboolé Wa.

Oyèníhùn rí bébà náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.
Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ká a ní mẹ́rin, ó fi sápò.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí kò tíì wálé.

Mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.
Reluwé gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, kò yà kí wa,
ọ̀kadà ni mo ń gùn.
Lánàá mo na káàdì pẹlẹbẹ sí ọlọ́kadà.
Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó ní, "Màmá, ọ̀ọ́dúnrún náírà ni."

Nírọ̀lẹ́ òní, fóònù wà lójú fèrèsé, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè,
Ìyá Lásùnkànmí ń bó ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Màmá, mo ti kúrò ní Sábó. Èrò pọ̀.
Mo ti pààrọ̀ ní Apáké. Ó ku ibùdókọ̀ kan sí Tákìé,
ẹ má pa fóònù, mo ń bọ̀ ní Agboolé Wa."

Ẹ̀pà dà sílẹ̀.
"Oyèníhùn! Ó ti dé Apáké? Ẹ ò tiẹ̀ sọ féèyàn!"
Ó ti ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún,
ó ti ké sáwọn ọmọ pé kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n pọnmi,
ó ti forí lé títì.

Nínú fóònù, obìnrin inú ọkọ̀ pe orúkọ ibùdókọ̀,
kọ́ńsónáǹtì mẹ́fà, fáwẹ̀lì kan.
Mo la ẹnu kí n dá Ìyá Lásùnkànmí dúró.
Mo pa á dé.
Mo dìde, mo wá ìgbálẹ̀.