Àyè Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Okùn mẹ́fà ló yẹ kí gìtá ní.
Ọ̀kan já, mo fi okùn tí kì í ṣe tirẹ̀ dípò rẹ̀,
ó ń gbìyànjú.
Èmi náà ń gbìyànjú.
Ọdún kejì rèé tí mo fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́ wa ní Sábó,
àwọn ọmọ ti fọ́n lọ,
ilé dákẹ́ bíi kíláàsì lásìkò họlidé,
mo bá fa gìtá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbégbá dórí.
Ọwọ́ méjì ni mo ní,
igbá orin kò kúrò nílẹ̀.
Gìtá nìkan nínú pálọ̀, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ ni.
Ọkọ mi yọjú láti yàrá:
"Ta lò ń bá jà?"

Mo lọ bá Oyèkúnlé ní Tákíè,
ọmọ tó ń ta káàdì, tó ń kó orin sínú fóònù.
Mo ní, "Orin tí kò ní gìtá ni mo ń wá.
Kí béèsì wà, kí ìlù wà,
kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi."
Ó wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n ta ẹ̀kọ fún òun
kí wọ́n yọ ẹ̀kọ kúrò nínú ewé.
Ó ṣáà wá a. Mẹ́tàdínlógún.
Dátà ẹgbẹ̀rún náírà.

Èkíní ń sá bí ọlọ́kadà tí ọlọ́pàá ń lé;
kí n tó gbé ìka kúrò nínú kọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn
wọ́n ti dé Ìlọrin.
Òmíràn dùn, ó dùn jù.
Onílù ibẹ̀ kì í mí,
kì í ṣì í, kì í rẹ́rìn-ín tí mo bá kọsẹ̀.
Mo dúró, kò bojú wẹ̀yìn.
Mo pa á, mo lọ yí kaṣú tí mo sá sẹ́yìnkùlé.

Ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni mò ń wá nínú àpótí
tí mo fi rí kásẹ́ẹ̀tì náà.
Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́: *Ìgbáradì, Sátidé.*
Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Àwa mẹ́rin.
Ṣẹ̀gílọlá ló ni béèsì, Ọ̀jẹ́níkẹ̀ẹ́ ló ni ìlù,
Múíbátù ń kọrin.
Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà;
wọ́n ní kí n fara balẹ̀,
àwọn á gbà á sílẹ̀ kí n lè fi kọ́ tèmi.
Ara mi yá. Ìdánwò dé. A túká.
Mi ò gbọ́ ọ rí.

Mo yá rédíò lọ́wọ́ Bàbá Alágogo,
mo fi bírò yí téèpù tó ti dẹ̀.
Ó há, ó ké bí ewúrẹ́.
Lẹ́yìn náà, òjò:
òjò lórí páànù,
òjò tó ti gbẹ láti ọdún mọ́kànlélógójì.
Ṣẹ̀gílọlá ní, "Ó yá. Ení, èjì…
ẹ dúró, ta ló gbé àga mi?"
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin."

Béèsì wọlé. Ìlù ń bọ̀ lẹ́yìn;
Ọ̀jẹ́níkẹ̀ẹ́ máa ń pẹ́ dé, àní nínú orin.
Nígbà tí wọ́n dé ibi tèmi, wọ́n rọra.
Ẹnikẹ́ni ò dí i.
Béèsì ń tẹ ilẹ̀ lójú kan
bí ẹni tó ń dúró de ọ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà
tí kò fẹ́ kanlẹ̀kùn.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a sin Ṣẹ̀gílọlá.

Mo pẹ́ kí n tó wọlé,
kọ́ọ̀dù tí mo sì gbé kì í ṣe òun.
Mo dá téèpù padà.
Ọkọ mi yọjú, "Ta lò ń bá…"
ó gbọ́ ohùn wọn, ó fa àga, ó jókòó.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí i,
ni wọ́n mú iná lọ.

Láàárọ̀, mo tún dé Tákíè.
"Màmá, orin yẹn ńkọ́?"
Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o ní bátìrì?
Mẹ́rin. Èyí tó ń pẹ́."