Nídìí Ẹ̀rọ Ata ní Apákè

Ohùn mi le. Ẹ̀rọ ata ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń pariwo borí ẹ́ńjìnnì:
"Ṣé kó kúnná, àbí ẹ fẹ́ ẹ ní wóróworo?"
Bí mo bá kí ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì,
wọn a rò pé ìjà ni.

Èmi yìí náà ni mo bí Àwẹ̀ró.

Ọmọ oṣù mẹ́fà, mo tẹ́ ẹ sẹ́bàá ẹ̀rọ.
Ẹ́ńjìnnì bú, adìyẹ fò, ewúrẹ́ já okùn,
ọmọ mi ń sùn.
Ìyá Gbọ́láhàn ní, "Ọmọ yìí mà ní sùúrù o!"
Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò bá mi rín in.

Ní ìdájí, mo kì í títí, bí ìyá mi ti ṣe kì mí:
Àwẹ̀ró, ọmọ Ajílété, dìde o...
Ẹnu mi ló ń wò,
bí ẹni ń wo ẹnu ẹja nínú omi.

Mo gbé e dé ọsibítù. Mo gbé e gun òkè àdúrà.
Látúndé, baba rẹ̀, ní ẹ̀rọ ló jẹ ọmọ létí,
ó ní kí n tà á.
Mo ní kí la ó wá máa jẹ?
Ilé wa dákẹ́ fún odidi ọdún kan,
ilé àwa tí a ní etí méjì-méjì.

Ó pé ọmọ ọdún méje, ó ti ilé-ìwé àwọn adití dé,
ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń ké bí ẹ̀ga lórí ọ̀pẹ.
Mi ò gbọ́ ẹyọ kan.
Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé adití wà nílé wa lóòótọ́,
kì í sì í ṣe ọmọ.

Ló bá di tíṣà mi.
Omi. Iyọ̀. Wá. Má lọ.
Ọwọ́ mi gan bí ọmọ orógùn.
Mo ní kó bá mi mú iyọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín,
ó ní ewúrẹ́ ni mo pè.

Nísinsìnyí, bí ẹ́ńjìnnì bá ti bú,
àwọn oníbàárà a na ọrùn: "Kí lẹ wí? Ẹ ní kí ni?"
Àwẹ̀ró wà lódìkejì títì, lábẹ́ igi kajú,
èmi àti ẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ wa.
Ó ní ṣé òun lè mú igba náírà lábẹ́ àpótí?
Mo ní rárá.
Ó ní ahun ni mí. Mo gbọ́ ìyẹn ketekete.

Ní ìdájí àná, mo jókòó tì í lórí ẹní.
Mo fi ọwọ́ bu omi tí kò sí, mo wẹ̀ ẹ́.
Mo ró aṣọ tí kò sí mọ́ ọn nídìí.
Wẹ̀. Ró.
Ó wò mí títí. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀:
Èmi?
Mo ní ìwọ ni. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe,
títí ilẹ̀ fi mọ́ láti ọ̀nà Ọjà Ìgbò.

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.
Ó ní kí n rọra,
ọwọ́ mi ń pariwo jù.